Apá Kejì Sinimá Adẹ́rùbani: Ṣé Ó Ń Ba Ti Àkọ́kọ́ Jẹ́?

Bí ẹ bá ti ń gbé ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ láti ayé kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ẹ ó rántí ìbéèrè kan tí àwọn oníbàárà máa ń bi àwọn tí ń ta sinimá lẹ́bàá ọjà Ìkòtún àti ní ibùdókọ̀ Ẹ̀gbẹ́dá. Wọn kì í kọ́kọ́ béèrè orúkọ ẹni tí ó ṣe eré, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í kọ́kọ́ béèrè iye owó. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pé, "Ṣé apá kejì rẹ̀ ti jáde?"

Apá kejì yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí, pàápàá nínú sinimá tí a ṣe láti dẹ́rù bani: sinimá àjẹ́, ti òkú tí ó padà wá, ti ẹni tí ó fi ènìyàn ṣe owó. Àwọn kan ń sọ pé bí a bá ti fi ìtàn mìíràn lé ti àkọ́kọ́, tàbí tí a bá padà sẹ́yìn lọ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ìtàn náà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ti àkọ́kọ́ yóò rọ̀ bí ẹ̀kọ tí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní rárá, pé ìtàn tí ó bá dùn kì í pọ̀ jù. Lójú tèmi, a kò lè dá ẹnikẹ́ni láre nínú wọn títí a ó fi mọ ohun tí ẹ̀rù inú sinimá kọ̀ọ̀kan dúró lé lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ohun kan sọ́tọ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń pè ní apá kejì láyé kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìtàn tuntun rárá. Ìtàn kan ṣoṣo ni, tí oníṣòwò gé sí méjì kí ó lè tà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, níbi tí ó jẹ́ pé ẹnì kan péré ni ó ní ẹ̀rọ fídíò, gbogbo ará ilé a pé jọ sí pálọ̀ onítọ̀hún ní alẹ́ Sátidé. Bí iná bá lọ, wọn a dá owó epo jẹnẹrétọ̀. Wọn a wò títí, ìyàwó ilé a di ọmọ rẹ̀ mú ṣinṣin, ilẹ̀kùn inú sinimá a bẹ̀rẹ̀ sí ṣí díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ òkú a yọ, lẹ́yìn náà ni wọn ó rí àkọlé gàdàgbà pé kí wọ́n máa retí apá kejì. Àwọn ọkùnrin a bú ẹni tí ó ṣe eré náà dáadáa.

Síbẹ̀, ẹ kíyèsí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ní ìdí kànga, ní ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ, ìtàn náà kò dúró. Ẹnì kan á ní ìyàwó ilé náà ni òkú ń wá, ẹlòmíràn á ní ìyá ọkọ ni. Àwọn ọmọdé kò ní fẹ́ dá nìkan lọ sí ilé ìyàgbẹ́ lóru. Kò sí ohun tí ó ń dẹ́rù ba ilé náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn tó òkú tí wọn kò tíì rí ojú rẹ̀. Nígbà tí apá kejì bá sì dé, tí òkú yọ tán, ó lè jẹ́ pé ìyẹ̀fun ni wọ́n kàn fi kùn ojú ẹnì kan, ni àwọn ọmọ kan náà tí kò lè dá rìn a bú sẹ́rìn-ín.

Èyí ni irú ẹ̀rù kìíní: ẹ̀rù àìmọ̀. Aṣọ agbádá bàbá tí a fi kọ́ ara ògiri a máa di iwin lójú ọmọdé ní òru, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé fìtílà wọlé, agbádá ni. Àwọn baba wa mọ èyí dáadáa, nítorí ohun tí wọ́n sọ nípa àkúdàáyà nìyẹn. Wọ́n ní ẹni tí ó kú ní Ìjẹ̀bú lè lọ máa gbé ní Ìbàdàn, kí ó ní ìyàwó, kí ó bí ọmọ, kí ó máa ṣòwò lọ. Ọjọ́ tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rí nílé bá pàdé rẹ̀ lọ́jà tí ó sì pe orúkọ rẹ̀, ọjọ́ náà ni yóò pòórá. Mímọ̀ tí a mọ̀ ọ́n ni ó lé e lọ. Sinimá tí ẹ̀rù rẹ̀ jẹ́ ti àìmọ̀ rí bí àkúdàáyà gan-an: apá kejì tí ó bá pe orúkọ rẹ̀, tí ó sọ ilé bàbá rẹ̀ àti ìdí tí ó fi ń pani, òun gan-an ni ó lé e lọ.

Àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere jù lọ fún èyí wá láti Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1978, John Carpenter ṣe sinimá kan tí ó pè ní Halloween. Ọkùnrin kan tí ó fi ìbòjú funfun bojú sá kúrò ní ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ, ó padà sí ìlú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn ọ̀dọ́. Kò sí ìdí kankan. Ọmọbìnrin tí ó ń lé kò mọ̀ ọ́n rí, kò ṣẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó mú kí ẹ̀rù ba ènìyàn nìyẹn, nítorí bí kò bá sí ìdí, ó lè jẹ́ ilé tiwa ni yóò kàn lọ́la. Nígbà tí apá kejì dé ní ọdún 1981, wọ́n sọ fún wa pé àbúrò rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà. Ẹ wo bí nǹkan ṣe yí padà: ohun tí ó lè kan ẹnikẹ́ni di ọ̀rọ̀ ẹbí kan. Àwa tí a kì í ṣe ará ilé wọn, kí ni ó kàn wá? Àwọn tí wọ́n tún gbé ìtàn náà dìde ní ọdún 2018 mọ àléébù yìí, nítorí wọ́n pa ọ̀rọ̀ àbúrò náà rẹ́ pátápátá, wọ́n sì tẹ ìtàn tiwọn lé ti ọdún 1978 tààrà.

Bákan náà ni ti The Exorcist, tí William Friedkin ṣe ní ọdún 1973, nípa ọmọbìnrin kékeré tí ẹ̀mí èṣù wọ inú rẹ̀. Ìtẹ̀síwájú rẹ̀ jáde ní ọdún 1977, ó sì fi àlàyé kún àlàyé nípa ẹ̀mí náà débi pé àwọn èrò inú ilé sinimá ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ sọ ohun tí ó ṣáájú ìtàn ti àkọ́kọ́, sinimá méjì ni wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn tí ó ni owó kò fẹ́ràn èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, òmíràn náà jáde ní ọdún 2004, èyí tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ sì jáde ní ọdún 2005. Nínú méjèèjì, mi ò tíì gbọ́ ẹni tí ó sọ pé ọ̀kan dẹ́rù ba òun tó ti ọdún 1973.

Bí a bá dúró níbí, a ó sọ pé ẹjọ́ ti parí, apá kejì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n àwọn sinimá tiwa ń jẹ́rìí lòdì sí i.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Olóyè Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó ti ń ṣe eré orí ìtàgé láti ọdún 1944. Nígbà tí sinimá rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Ayé jáde ní ìparí àwọn ọdún 1970, tí Ọlá Balógun bá a darí rẹ̀, àwọn èrò tó kún inú gbọ̀ngàn kò fi wò ó bí ohun tí a fi ṣeré. Òun fúnra rẹ̀ ni Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí ó ń bá àwọn àjẹ́ jà kí ìlú má baà parẹ́. Kò pẹ́ tí Jáyésinmi fi tẹ̀ lé e, Ọ̀ṣẹ́túrá kan náà, ogun kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ aráyé. Èyí kì í ṣe ìtàn tí a gé sí méjì; ìtẹ̀síwájú gidi ni. Ṣé Jáyésinmi wá ba Ayé jẹ́? Rárá o. Àwọn èrò tún wọ́ lọ wò ó.

Kí ni ó fà á? Ẹ̀rù inú Ayé kì í ṣe ẹ̀rù àìmọ̀. Gbogbo ẹni tí ó san owó wọlé ni ó ti gbọ́ nípa àjẹ́ láti ẹnu ìyá ìyá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ tí ó ń béèrè ohun tí àwọn obìnrin yẹn ń ṣe lórí igi ní òru. Ohun tí wọ́n wá wò ni ìjàkadì: ta ni yóò borí, ọfọ̀ wo ni yóò mú, ta ni yóò jẹ́wọ́? Ó dà bí ọdún egúngún. Kò sí ẹni tí ń sọ pé nítorí pé egúngún jáde lọ́dún tó kọjá, ti ọdún yìí kò ní dùn mọ́. Bí kò bá sí ohun tí a fi pamọ́, kò sí ohun tí apá kejì lè tú síta. (Mo fẹ́ fi kún un pé ọ̀rọ̀ àjẹ́ inú sinimá ti kó bá ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀, tí àwọn aládùúgbò ń nàka sí. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Irú ẹ̀rù kẹta wà, òun ni ó sì jẹ́ tiwa jù lọ: ẹ̀rù gbèsè. Ẹnì kan ṣe ohun tí kò yẹ kí ènìyàn ṣe, a sì ń retí ọjọ́ tí ẹni tí ó ni gbèsè yóò dé.

Ní ọdún 1992, Kenneth Nnebue, tí ó ti ń ná owó lé àwọn sinimá Yorùbá lórí ṣáájú ìgbà náà, gbé Living in Bondage jáde ní èdè Ìgbò, Chris Obi Rapu ni ó darí rẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Nínú irú ilé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Ọ̀yọ́ lè wà ní yàrá kìíní, Ìgbò ní yàrá kejì, Ègùn ní yàrá kẹta, nítorí náà èdè kò dí sinimá yìí lọ́wọ́. Andy, tí Kenneth Okonkwo ṣe, ń gbé ní Èkó, nǹkan kò lọ déédéé fún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn. Wọ́n ní kí ó mú ẹni tí ó fẹ́ràn jù lọ wá. Ó gbìyànjú láti fi ẹlòmíràn dípò, kò ṣeé ṣe. Ó fi Merit, ìyàwó rẹ̀ tí ó dúró tì í nínú òṣì, lélẹ̀. Owó dé, Merit náà sì dé, nínú aṣọ funfun.

Ẹ wò ó dáadáa: a mọ ẹni tí òkú yìí ń ṣe, a mọ orúkọ rẹ̀, a mọ ohun tí ó ń wá. Kò sí àìmọ̀ kankan níbẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bani, nítorí pé òtítọ́ wà lọ́wọ́ òkú náà. Bí ó bá jẹ́ pé apá kìíní nìkan ni ó wà, ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè rántí nínú rẹ̀ ni ọkọ̀ àti owó. Apá kejì, tí ó jáde ní ọdún 1993, ni Andy ti ya wèrè, tí ó ń gbé lójú títì, tí ó ń ṣa oúnjẹ nínú pàǹtí. Lójú tèmi, apá kejì ni ó parí apá kìíní. Ẹni tí ó bá yọ ọ́ kúrò ti fi gbèsè sílẹ̀ láìsan.

Kí a wá fo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ní ọdún 2019, Ramsey Nouah darí Living in Bondage: Breaking Free, ìtàn Nnamdi ọmọ Andy, tí owó òjijì náà ń wu òun pẹ̀lú. Sinimá tí a ṣe dáadáa ni, ó sì gba ẹ̀bùn púpọ̀ níbi ìdíje AMVCA ọdún 2020. Èrò kan wà nínú rẹ̀ tí ó jinlẹ̀, pé gbèsè bàbá lè kan ilẹ̀kùn ọmọ. Ṣùgbọ́n mo wò ó, ojú mi sì ń ṣá sí àwọn ọkọ̀ olówó ńlá àti àwọn ilé gogoro ju sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi rà wọ́n lọ. Ní ọdún 1992, pálọ̀ kékeré, aṣọ funfun kan, àti ojú obìnrin tí a ṣẹ̀ ni gbogbo ohun tí wọ́n ní. Ó tó. Èyí kò ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ti ọdún 2019 nìkan lè má mọ ìdí tí àwọn ìyá wa kò fi lè sùn ní ọdún 1992.

Mo ní láti mẹ́nu ba Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, tí Túndé Kèlání bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1993, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ará Ìgàndó àti Ìkòtún wo ni kò sì mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀? Òtún ìlú, tí Baba Wándé ṣe, àti àwọn mìíràn ta ilẹ̀ tí kò yẹ ní títà fún àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ilé epo, ni àwọn tí wọ́n jọ tà á bá bẹ̀rẹ̀ sí kú. Ẹ̀rù gbèsè gidi. Apá mẹ́ta ni ó ní. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀kẹta, ẹ̀rín ti pọ̀ ju ẹ̀rù lọ lójú tèmi, nítorí ajigbèsè tí a bá ti bá rìn pẹ́, tí ó sì ń pa wá lẹ́rìn-ín, a kì í fẹ́ kí wọ́n mú un mọ́.

Ohun kan náà ni mo rò nípa Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, tí ó jáde ní ọdún 2022. Kì í ṣe sinimá adẹ́rùbani tán, ṣùgbọ́n òkú wà níbẹ̀. Sàró, ahunṣọ, bá olorì lò pọ̀, wọ́n pa á, ẹyẹ àkàlà jí i dìde, agbára ẹyẹ náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́, ó ń fi jí òkú fún àwọn ènìyàn, ìgbéraga sì wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ tí ó nílò agbára náà jù lọ, ó já a kulẹ̀, Sàró sì kú. Gbèsè ti tán. Ìtàn náà pé bí igbá àti ọmọrí rẹ̀. Ní ọdún 2024 ni wọ́n wá mú un padà nínú eré onípele, pé kí ó lọ kó àwọn tí ó jí dìde padà sí ibi tí ó ti mú wọn wá. Èrò náà dára, nítorí pé gbèsè tí a kò rò tẹ́lẹ̀ ni: àwọn tí a jí dìde ńkọ́, ti ta ni wọ́n? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún wo ti ọdún 2022, ikú Sàró kò dùn mí tó ti ìṣáájú mọ́. Mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ní ti ìtàn tí ó padà sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òun ni ó burú jù, nítorí a ti mọ ẹni tí yóò yè. Ẹ lọ bi àwọn tí ó ka D. O. Fágúnwà. Ìwé ni tirẹ̀, kì í ṣe sinimá, ṣùgbọ́n kò sí ìwé Yorùbá tí iwin pọ̀ nínú rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938, Àkàrà-Ògùn sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé àjẹ́ paraku ni ìyá òun, ìbọn bàbá òun ni ó sì pa á. Ojú ìwé díẹ̀ péré ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Ní ọdún 1949, Fágúnwà padà sẹ́yìn nínú Igbó Olódùmarè láti sọ ìtàn bàbá náà, Olówó-Ayé. A ti mọ̀ pé iwin kankan kò lè pa á, nítorí pé kò tíì bí ọmọ tí ó ń ròyìn. Ẹ̀rù ikú ti kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Olówó-Ayé bá di ọkọ ìyàwó, tí wọ́n ń jó tí wọ́n ń yọ̀, ẹni tí ó ti ka ìwé ti ọdún 1938 kò lè bá wọn jó tán, nítorí ó mọ ibi tí ìgbéyàwó náà yóò parí sí. Ọmọ ilé ìwé tí ó bá ka ti 1949 ṣáájú kò ní mọ̀ ọ́n lára. Mímọ̀ ni ó dá ẹ̀rù tuntun sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti eré nìkan. Ní ọdún 2024, àjọ tí ń yẹ sinimá wò ní Nàìjíríà kéde òfin tuntun lórí fífi ògùn owó àti fífi ènìyàn rúbọ hàn nínú sinimá, nítorí àníyàn pé àwọn ọ̀dọ́ ń fi ṣe àwòkọ́ṣe. Mo gbà pé àníyàn náà tọ́. Ṣùgbọ́n kí a fi ìlàjì ìtàn han ọmọdé léwu ju kí a fi gbogbo rẹ̀ hàn án lọ. Lórí ẹ̀rọ ìléwọ́, níbi tí àwọn ọmọ Ẹ̀gbẹ́dá ti ń wo sinimá báyìí, ó rọrùn láti wo ibi tí owó ti wọlé kí a sì fò lọ sórí eré mìíràn kí Merit tó dé. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe irú eré yìí, kí ó béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ bí ìtàn rẹ̀ bá jẹ gbèsè. Bí ó bá jẹ ẹ́, apá kejì di dandan. Bí ó bá ti san án, kí ó wá ìtàn mìíràn.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń gbọ́ wa, tí ẹ bá fẹ́ dán èyí wò, ẹ wá sinimá alápá méjì tí ó yẹ fún ọjọ́ orí àwọn ọmọ yín. Ẹ fi apá kìíní hàn wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ kọ apá kejì tirẹ̀ sínú ìwé lópin ọ̀sẹ̀, kí ó sì kà á ní kíláàsì ní ọjọ́ Ajé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó fi ti oníṣòwò hàn wọ́n, kí wọ́n sọ fún yín èwo ni ó dẹ́rù bà wọ́n jù.